Ìrìn Fàájì Ọjọ́ Sátidé ní Bwari: Àwọn Ìbéèrè Tí Kò Tán Lẹ́nu Yín

Èmi akọ̀wé ni mo kó ìwọ̀nyí jọ. Ìbéèrè kan náà ni mò ń dáhùn lórí WhatsApp, lẹ́yìn ìsìn, àti ní ìsọ̀ ẹlẹ́ran. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó pè mí.

Kí ni ẹgbẹ́ yìí ń ṣe gan-an?

À ń rìn. Gbogbo iṣẹ́ wa nìyẹn. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, àwa Yorùbá tí iṣẹ́, ilé ọkọ tàbí owó ilé tó wọ́n láàárín ìlú gbé dé Bwari ní agbègbè Àbújá máa ń kóra jọ láàárọ̀ Sátidé. A ó fẹsẹ̀ gba ọ̀nà oko lọ sí abúlé kan, a ó kí àwọn ará ibẹ̀, a ó jẹun, a ó sì padà sílé.

A kì í sáré, kò sì sí ẹni tó ń fun fèrè síni létí. Ẹni tó bá fẹ́ dín ikùn kù, a kò dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé àkàrà ló ń dúró dè é níbi tí à ń lọ.

Ṣé Yorùbá nìkan ló lè wá?

Rárá o. Èdè Yorùbá là ń sọ lójú ọ̀nà ni àwọn èèyàn fi ń rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìgbò kan wà nínú wa tó ń pa òwe ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Mùsùlùmí wà, Kìrìsìtẹ́nì wà, àwọn tó jẹ́ pé oorun ni ẹ̀sìn wọn náà wà, àmọ́ wọn kì í tètè dé. Ẹni tó bá lè fara da kí Ìjẹ̀bú àti Ìjẹ̀ṣà máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó fún wákàtí mẹ́ta gbáko, kó máa bọ̀.

Ṣé ẹ máa dán mi wò kí ẹ tó gbà mí?

Lóòótọ́, Bwari ni olú ilé-iṣẹ́ JAMB wà, ibẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà wà. Ìdánwò tó wà nílùú yìí ti pọ̀ tó. Ẹ wá, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ máa rìn.

Aago mélòó ni ẹ ń gbéra?

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Kì í ṣe aago mẹ́fà ààbọ̀ ti ìwé ìpè ìgbéyàwó o. A máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dúró de ẹni tó bá pẹ́, lẹ́yìn náà a ti lọ. A ti fi alága ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ sílẹ̀ rí. Ọ̀kadà ló gbé e lé wa bá lẹ́yìn ìlú, ó sì bínú títí a fi jẹun.

Sátidé lọjọ́ òde. Ẹ ò rí ọjọ́ mìíràn mú ni?

Ọjọ́ Ẹtì, Jímọ́ọ̀ wà. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì wà. Sátidé nìkan ló kù, òun náà sì ni aṣọ ẹbí ń dúró dè. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ di òfin pé aago mọ́kànlá kò gbọdọ̀ bá wa lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ní òde aago méjìlá ní Gwarinpa lè bá wa rìn, kó wẹ̀, kó wé gèlè, kó sì débẹ̀ kí ìrẹsì tó jáde, nítorí gbogbo wa la mọ ìgbà tí òde aago méjìlá máa ń bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan nínú wa ti wé gèlè rẹ̀ láti ilé rí, kó má baà pẹ́ lóde. Kánfáàsì lẹ́sẹ̀, gèlè lórí. Àwọn ọmọ abúlé tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ìgbà tí eégún jáde.

Èló ni owó ìwọlé?

Kò sówó ìwọlé. Ẹ gbé oúnjẹ tó tó ẹni méjì lọ́wọ́, àti owó kẹ̀kẹ́ tí ẹ ó fi padà bí ẹsẹ̀ bá kọ̀. Akápò wa kò ní owó kankan lọ́wọ́. Ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ ni iyọ̀, ọ̀bẹ kan, oògùn ẹ̀fọ́rí àti tíṣù.

Kí ni kí n wọ̀?

Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́. Ẹ fi sálúbàtà sílẹ̀ nílé. Ṣòkòtò gígùn dára ju kúkúrú lọ, torí èèmọ́ inú koríko ọ̀nà oko kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ẹ dé fìlà. Ẹ gbé omi tó pọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì kó ọ̀rá rẹ̀ padà wálé lẹ́yìn tí ẹ bá mu ún tán.

Nígbà ọyẹ́, ẹ wọ súwẹ́tà tí ẹ lè bọ́ sọ́rùn nígbà tí oòrùn bá gòkè, kí ẹ sì fi òrí pa ètè. Bí ẹ bá fẹ́ràn kánfáàsì yín funfun, ẹ má wọ̀ ọ́ wá. Pupa ni erùpẹ̀ ibí.

Ta ló ń pèsè oúnjẹ, kí sì ni a máa ń jẹ?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ń ti ilé wá: mọ́ín-mọ́ín, dòdò, iṣu sísè pẹ̀lú ata díndín, ẹyin. Ìyókù, a ó rà á lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, èyí sì ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe kosai, àkàrà wa náà ni. Masa ni ìrẹsì tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jẹ́ kó wú, tí wọ́n wá ń dín nínú agbada olójú kótókótó. Àwọn kan ń fi ṣúgà jẹ ẹ́, àwọn kan ń fi ata yaji jẹ ẹ́. A ti jiyàn lórí èyí tó tọ́ títí masa fi tutù.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú awara. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe wàrà tí àwọn Fúlàní ń fi omi ọmú màlúù ṣe, tí a mọ̀ láti Ìlọrin. Ẹnìkan tó ń yangàn pé wàrà Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi tọ́ òun dàgbà jẹ awara márùn-ún láìmọ̀ ìyàtọ̀. Mi ò ní dárúkọ. Fura da nono náà wà, ìyẹn ìyẹ̀fun jéró tí wọ́n dì, tí wọ́n wá fọ́ sínú omi wàrà kíkan. Bí inú yín kì í bá gba wàrà, ẹ má fi ọ̀nà oko dán an wò. Ilé ìgbẹ́ kò sí nítòsí.

Àwọn kan máa ń wá lọ́wọ́ òfo, wọn á ní àwọn wá rìn ni. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan la máa ń gbà á, lẹ́ẹ̀kejì ẹni náà ló máa gbé omi gbogbo wa.

A kì í sì í tú oúnjẹ kí a tó dé ibi tí à ń lọ. Òfin yìí jáde lẹ́yìn ọjọ́ tí mọ́ín-mọ́ín tán ní gáréèjì.

Mi ò lè rìn kíákíá. Ṣé mi ò ní dá yín dúró?

Ẹ ò lè dá wa dúró, torí ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra jù ló ń wà níwájú, ìgbésẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa sì ń tẹ̀ lé. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn géńdé ló ń ṣáájú. Wọn á lọ, wọn á jókòó sábẹ́ igi de àwọn àgbà, bí àwọn àgbà bá sì ti dé, wọn á dìde. Àwọn tó rẹ̀ kò sinmi rí, àwọn tí kò rẹ̀ ló ń sinmi. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló ní kí a yí i padà. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó sọ pé ẹsẹ̀ òun kò lè mọ́.

Ẹni tí ìlọ́ra yìí bá ń dùn, ẹ̀yìn ni àyè rẹ̀, ẹ̀yìn náà ni àlọ́ wà. Wọn á ní, “Awẹ́ obì kan, à jẹ dé Ọ̀yọ́.” Àwọn ọmọdé á pariwo pé ahọ́n ni. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta ló máa gbé kúlà.

Ibo ni ẹ máa ń lọ?

Ọ̀nà Ushafa la mọ̀ jù. Bí ẹ bá jáde ní Bwari, àpáta ńláńlá á wà lápá ọ̀tún àti òsì, oko iṣu àti ọkà bàbà láàárín wọn, igi igbá tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, àti igi ẹ̀mí tí à ń fi ṣe òrí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti jẹ irú láti kékeré, tí a kò rí igi rẹ̀ rí àfi ìgbà tí a dé ibí. Òdòdó rẹ̀ pupa, ó rí roboto, ó so rọ̀ bíi bọ́ọ̀lù.

Ushafa ni ibi tí Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wá kí wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, àwọn kan ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pe abúlé náà. Ilé àwọn amọ̀kòkò wà níbẹ̀. Ẹ ra ife tàbí àwo kékeré kan bí ẹ bá lè gbé e délé láìfọ́. Èmi ti fọ́ méjì.

Nítòsí ibẹ̀ ni ìsédò odò Usuma wà, tí wọ́n parí ní 1984, tí ó ń fún Àbújá lómi. Láti òkèèrè la máa ń wò ó. A kì í wẹ̀ níbẹ̀, a kì í sì í fọ ẹsẹ̀ sí i. Omi tí ẹ ó fi se ọbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Ṣé a máa dé Àpáta Zuma? Ṣebí Àbújá náà ló wà.

Gbogbo èèyàn ló ń pè é ní ẹnu ọ̀nà Àbújá, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Niger ló wà, lẹ́bàá Madalla, lójú ọ̀nà Kaduna. Ẹ mú náírà ọgọ́rùn-ún tó ní àwòrán Awólọ́wọ̀ yẹn. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí kì í bá ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún Nàìjíríà, Zuma ni ẹ máa rí.

“Àbújá” gan-an kì í ṣe orúkọ ibi tí a ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí. Ìlú tó ń jẹ́ Suleja báyìí ló ń jẹ́ Abuja tẹ́lẹ̀. Ìjọba gba orúkọ náà fún olú ìlú tuntun tí òfin ọdún 1976 dá sílẹ̀. Ní Suleja náà ni ilé ìmọ̀kòkò tí Ladi Kwali ti ṣiṣẹ́ wà, ìyá amọ̀kòkò láti ẹ̀yà Gbagyi tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn náírà ogún. Nítorí náà, ẹni tó bá bá wa lọ sí apá ibẹ̀ lè fi àpò rẹ̀ ṣe máàpù.

Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Gurara ńkọ́?

Ìyẹn kì í ṣe ìrìn mọ́, ìrìnàjò ni. Ojú ọ̀nà Suleja sí Minna ló wà, omi rẹ̀ ń já láti òkè tó tó mítà 30. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa ń háyà bọ́ọ̀sì lọ, lẹ́yìn tí òjò bá ti dáwọ́ dúró. Nígbà òjò, omi náà ń bínú, kò sì bójú mu kí ènìyàn sún mọ́ ọn.

Oṣù wo ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀?

Oṣù kọkànlá. Òjò ti lọ, koríko ṣì tutù, ọyẹ́ kò tíì le. Ní oṣù kejìlá àti kìíní, wọ́n ń sun ìgbẹ́, èéfín àti erùpẹ̀ á wá bo ojú òkè. Ẹni tó ní ikọ́ fée kó bi dókítà rẹ̀ kó tó wá. Oṣù kẹta ni ooru ń le jù, aago mẹ́fà la máa ń gbéra nígbà yẹn, kì í ṣe mẹ́fà ààbọ̀.

Oṣù kẹrin sí ìkẹwàá ni òjò. A ṣì ń rìn, ṣùgbọ́n bí odò kékeré bá ti kún, a ó padà. Kò sí ẹni tó ń fi ìgboyà ṣe nǹkan kan nínú ẹgbẹ́ wa.

Nínú oṣù Ramadan, ìrìn náà máa ń kúrú, a kì í sì í tú oúnjẹ síwájú àwọn tó gbààwẹ̀.

Mi ò gbọ́ Hausa. Báwo ni mo ṣe máa kí àwọn ará abúlé?

Yorùbá kì í ṣòro fún láti kí èèyàn ní Hausa, torí ìkíni wọn àti tiwa, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni. “Ẹ kú” tiwa ni “sannu da” tiwọn. Sannu da aiki, ẹ kú iṣẹ́. Sannu da zuwa, ẹ kú àbọ̀. Sannu da hutawa, ẹ kú ìsinmi. Bí ẹ bá ti mú mẹ́ta yẹn mọ́ra, pẹ̀lú ina kwana láàárọ̀ àti na gode fún ọpẹ́, ẹ ti lè rìn dé ibi tó wù yín.

Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé Hausa kọ́ ni wọ́n. Gbagyi ni ọ̀pọ̀ ará abúlé ibí. Gwari ni àwọn àjèjì ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n Gbagyi tí àwọn fúnra wọn fẹ́ ni kí ẹ pè wọ́n. Ilẹ̀ wọn la wà. Wọ́n ti wà níbí kí ẹnikẹ́ni tó ronú olú ìlú, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì kó kúrò níbi tí àwọn ọ́fíìsì ńlá wà báyìí. Bí bàbá arúgbó kan bá na ọwọ́ sí apá Maitama pé oko àwọn ni, ẹ má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe.

Ẹ máa rí i pé àwọn obìnrin Gbagyi kì í ru ẹrù sórí. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, igi ìdáná, omi, ohun gbogbo. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé orí ni olórí ara, kò sì yẹ kí olórí máa ṣe alágbàárù. Ẹnu ya wá nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àwa tí à ń sọ pé orí là bá bọ, tí à ń fi orí búra, orí yẹn kan náà la tún ń gbé agbọ̀n tòmátì lé. Àwọn obìnrin wa gbìyànjú ti èjìká náà. Kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ tí omi fi dà nù.

Ṣé mo lè ya fọ́tò?

Ẹ ya àpáta, ẹ ya igi, ẹ ya ara yín títí fóònù á fi kú. Bí ó bá kan èèyàn, ẹ bèèrè, kí ẹ sì gbà bí wọ́n bá ní rárá. Ọmọ ẹlòmíràn, òbí rẹ̀ ni ẹ ó bi, kì í ṣe ọmọ náà. Bí ẹ bá rí igi tí wọ́n so aṣọ mọ́ tàbí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ kọjá bí ẹ ó ti kọjá ojúbọ lábúlé yín.

Àwọn ọmọ mi ńkọ́?

Ọmọ tó bá lè rìn lọ rìn bọ̀ láìsí pé wọ́n pọ̀n ọ́n, kó wá. Bàbá kan ní ọmọ òun lè rìn. Bàbá náà ló gbé e láti Ushafa délé, ọmọ náà ń sùn lọ́rùn rẹ̀.

Mángòrò ti pọ́n, igi náà kò sì lọ́gbà. Ṣé mo lè já ọ̀kan?

Ẹ má já a. Igi tí kò lọ́gbà kì í ṣe igi tí kò lólówó. Bákan náà ni kajú, igbá, àti èso ẹ̀mí tó já sílẹ̀, torí àwọn obìnrin abúlé ló ń ṣà á, òun ni wọ́n fi ń ṣe òrí tà. Bí ẹ bá bèèrè, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á fún yín ju èyí tí ẹ lè gbé lọ. Bí ẹ kò bá bèèrè, gbogbo wa ló máa jókòó níwájú olórí abúlé títí ọ̀rọ̀ á fi tán, òde aago méjìlá yín á sì fò.

Bí a bá pàdé màlúù ńkọ́?

Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ kí darandaran, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ajá abúlé náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sáré ló ń kọ́ ajá ní eré.

Ṣé lóòótọ́ lẹ sọnù nígbà kan?

Lóòótọ́ ni. Oṣù kẹsàn-án ni, ọkà bàbà ti ga ju èèyàn lọ. Ẹnìkan ní òun mọ ọ̀nà àbùjá kan (ẹ má rẹ́rìn-ín, ohun tó sọ gan-an nìyẹn). A rìn títí, a rí ewúrẹ́ kan lórí àpáta. A rìn títí, a tún rí ewúrẹ́ náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ewúrẹ́ náà ló kọ́kọ́ rí wa.

Ọmọdébìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ló mú wa jáde. Bisikíìtì méjì ló gbà. Ibi tí a wà kò ju ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀ lọ.

Ṣé ọ̀nà náà kò léwu ní irú àkókò yìí?

Níbi ìbéèrè yìí, a kì í ṣe àwàdà. A kì í lọ sí abúlé tí a kò tíì pe olórí rẹ̀ ṣáájú. A kì í wọ igbó, a kì í sùn lọ́nà, a kì í pín ara wa sí méjì. Nọ́ńbà àwọn fijilanté wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Bí ìròyìn kò bá dára lọ́sẹ̀ náà, inú ìlú la máa rìn, a ó yí ọjà po, a ó jẹ masa, ó parí.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi kọ ọ̀nà tí a máa gbà síta. Àárọ̀ ọjọ́ náà la ń sọ ọ́ fún àwọn tó bá dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́tò síta kí a tó padà délé.

Ṣé ẹ ń gun òkè?

Àwọn kékeré tí àwọn ọmọ abúlé ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú wọn níwájú. Àwọn tó ń lọ gbọọrọ, rárá. Ẹni tó bá ń wá òkè gígùn, kó sọdá sí Ìdánrè nígbà Kérésì, wọ́n ti gbẹ́ àtẹ̀gùn tó lé ní 600 dè é níbẹ̀.

Ṣé a lè sọ̀rọ̀ òṣèlú lójú ọ̀nà?

Rárá. Páálí omi kan ni ìtanràn rẹ̀, ẹni tó jẹ ẹ́ náà ló máa gbé e. A ti ní omi tó pọ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn máa ń rí ọkọ tàbí ìyàwó níbẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà ń bá obìnrin náà gbé kúlà fún oṣù mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó fura pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ kùnà àlọ́ ni. A kò rìn lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, àmọ́ àwọn kan nínú wa wọ kánfáàsì sábẹ́ aṣọ ẹbí. Ẹ má tìtorí ìyẹn wá o, akọ̀wé kì í ṣe alárinà.

Èmi àti ẹnìkan nínú yín kì í sọ̀rọ̀ síra wa. Ṣé mo ṣì lè wá?

Ẹ wá. Ọ̀nà oko kò gba èèyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ kàn fi tó mi létí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí n lè mọ ẹni tí màá fi sáàárín yín.